Ìṣó Tó Yọrí Lórí Afárá

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ bí a ṣe ń kí ẹni tó wà lókè òrùlé, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ó má baà yíjú wò wá kí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé oorun ń kún ojú rẹ? Ṣé àwọn tí ẹ jọ wà ní ọ́fíìsì ń fojú ènìyàn wò ọ́? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o gbé ohun tó ju ọrùn rẹ lọ, kí Ó má sì jẹ́ kí o fúyẹ́ débi tí afẹ́fẹ́ yóò fi máa gbé ọ kiri. Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá o ti ń jẹun kí o tó jáde láàárọ̀, kí n sì kọ ọ́ ní kedere pé òun ló béèrè, nítorí ó ní mo máa ń sọ ọ̀rọ̀ òun di tèmi bí mo bá ti mú bírò.

Kò sí ohun tó ṣe wá. Orúnkún mi ṣì ń ráhùn bí mo bá fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n kò tíì sọ pé òun ò lọ mọ́. Ewúrẹ́ aládùúgbò wa wọ yàrá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì jẹ ojú ìwé mẹ́rìnlá nínú ìwé ìtàn ayé tí mò ń kà. Ogun ni mo kà dé, n kò sì mọ ẹni tó ṣẹ́gun. Mo béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ewúrẹ́, ó ní kí n bi ewúrẹ́.

Fóònù tí o fi ránṣẹ́ dé wa lọ́wọ́, o ṣeun, o ò ní rí ibi lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tìrẹ. N kò tíì fi pè ọ́ nítorí pé bí mo ṣe tàn án báyìí ló gbé ìwé gígùn kan síwájú mi, ó ní kí n tẹ ibì kan pé mo gbà. Mo ní kí n kà á ná. Ọjọ́ kẹrin rèé, orí kọkànlá ni mo wà, n kò sì tíì rí ibi tí wọ́n ti sọ ẹni tí wọ́n jẹ́ gan-an. Ìyá rẹ ní gbogbo ayé ló ń tẹ̀ ẹ́ láì kà á. Mo ní gbogbo ayé kọ́ ló bí ọmọ mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ lẹ́tà, awakọ̀ tó ń kó sìmẹ́ńtì wá síbi afárá yóò sì mú un bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ lọ́la.

Ọ̀rọ̀ afárá náà ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Mo ṣe ohun kan níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, mo sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu Ọ̀gá Oníwèé iléeṣẹ́ tó ń kọ́ afárá náà, èyí tó máa ń gbé fáìlì há abíyá káàkiri bí ẹni tó gbé adìyẹ. Ó lè kan orúkọ rẹ, ó sì lè kan iṣẹ́ rẹ. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, jẹ́ kí n ti ìdí rẹ̀ bọ̀, nítorí bí mo bá ti orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wàá rò pé arúgbó ti ń sínwín.

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ lóṣù méjì sẹ́yìn pé ìwọ ni yóò wá yẹ irin wọn wò, n kò lè jókòó sílé mọ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ síbẹ̀. Ìwé kan wà lẹ́nu ọ̀nà wọn tí àlejò gbọ́dọ̀ kọ nǹkan sí. Wọ́n béèrè ẹni tí mo wá rí, mo kọ ọ́ pé afárá. Wọ́n béèrè ìdí tí mo fi wá, mo kọ ọ́ pé ìyanu. Wọ́n béèrè ìgbà tí màá jáde, mo kọ ọ́ pé ìyẹn ò sí lọ́wọ́ ẹ̀dá. Olùṣọ́ kà á, ó wò mí, ó ní Bàbá, aago lásán ni wọ́n ń bi yín. Lọ́jọ́ kejì, mo bá ọkùnrin kan tó ń fojú kan wo inú ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó kọjú rẹ̀ sí mi. Mo rò pé fọ́tò ni, mo tún fìlà dé, mo dúró ṣánṣán bí ọkọ ìyàwó. Ó pẹ́ kí ó tó wá bá mi, ó ní ẹ jọ̀ọ́ sà, òpó tó wà lẹ́yìn yín ni mò ń wò. Mo sún. Ṣùgbọ́n bí ó bá yà á lóòótọ́, sọ fún un kí ó fún mi ní ọ̀kan.

Ọmọ mi, mo ti fi igi ṣiṣẹ́ fún ogójì ọdún ó lé, n kò rí irú èyí rí. Irin mẹ́rin ni wọ́n tẹ́ láti etí odò kan dé èkejì, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó igba ẹsẹ̀, ó sì ga jù mí lọ tòun ti fìlà mi. Orí rẹ̀ fẹ̀, ìdí rẹ̀ fẹ̀, àárín rẹ̀ wá tẹ́ẹ́rẹ́. Mo rò pé wọ́n ń ṣahun irin láàárín ni. Fọ́máànù wọn, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni ń wúkọ́, ló wá bi mí bóyá mo lè fi pákó tí a dà bolẹ̀ rọ́pò pákó tó dúró lóòró bí mo bá ń ṣe òrùlé. Mo ní èyí tó dúró lóòró ló lágbára, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mọ ìyẹn. Ó ní kí ló fà á. N kò bi ara mi rí, òun ló sọ fún mi pé orí àti ìdí ló ń gba ìwúwo, àárín kàn ń mú wọn jìnnà síra ni. Ogójì ọdún, ọmọ mi.

Wọ́n tún ní irin náà máa ń nà bí oòrùn bá mú un, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi àlàfo sílẹ̀ ní ìparí rẹ̀, tí wọ́n sì gbé ìdí rẹ̀ lé rọ́bà kí ó lè rí ààyè rìn. N kò gbà wọ́n gbọ́. Mo mú okùn ìdiwọ̀n mi, mo wọn àlàfo náà ní àárọ̀ kùtùkùtù, mo tún wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án gangan. Ó ti dín ní ohun tó tó ìka ọwọ́ kan. Mo jókòó sórí òkúta. Irin tí ogún ọkùnrin ò lè mì, òun ló ń na ara rẹ̀ bí ọmọ tó jí lójú oorun, tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ìró rẹ̀. Mo wá ń bi ara mi pé kí ni nǹkan mìíràn tó ń rìn níwájú mi tí mo rò pé ó dúró.

Ibi tí mo ti ṣìnà rèé. Wẹ́dà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Mànàmáná. Òun ló ń ki ìṣó bọ ẹnu ohun kan tó dà bí ìbọn, á fi tì í mọ́ orí irin, á ní kí n yíjú sẹ́yìn, iná á bù yẹ̀rì, kí n tó yíjú padà ìṣó ti dúró, òun àti irin ti di ọ̀kan. Ìṣó náà ga tó ìka àárín, ó nípọn bí àtàǹpàkò, orí rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ti olú. Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lórí irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo wọn ló yọrí síta. Mo ń dúró de ọjọ́ tí wọ́n máa kàn wọ́n wọlé. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, ìwọ náà wá yẹ̀ wọ́n wò, o padà lọ́jọ́ kejì, wọ́n ṣì yọrí síbẹ̀. Wọ́n wá sọ fún mi pé Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ọkọ̀ tí ikùn rẹ̀ ń yí máa wá da kọnkéré bò ó.

Ìwọ náà mọ̀ pé ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń gbá mi lọ́wọ́ bí orí ìṣó bá fi ìbú èékánná yọ síta. Ìṣó tó bá yọrí, iṣẹ́ ò tíì parí nìyẹn. Mo sì mọ irú káfíńtà tó máa ń fi àtè àti èérún pákó bo ibi tó ti bàjẹ́. Mo ní họ́wù, wọ́n fẹ́ fi kọnkéré bo iṣẹ́ àìpé mọ́lẹ̀, orúkọ ọmọ mi sì ni wọ́n kọ sínú ìwé pé ó wò ó, ó sì dára. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Lọ́jọ́ Àìkú tí wọn ò ṣiṣẹ́, mo mú òòlù mi tó tóbi jù. Olùṣọ́ bi mí pé kí ni ti òòlù, mo ní mo fẹ́ ran ọmọ mi lọ́wọ́ ni. Ó ṣílẹ̀kùn.

Mo lu èkíní. Kò wọlé, ó tẹ̀. Mo ní pẹ̀lẹ́, mo bọ́ sórí èkejì. Òun náà tẹ̀. Mo lu mẹ́jọ báyìí, gbogbo wọn fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀fófó. Ìkẹsàn-án nìkan ni kò tẹ̀. Ó ká. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo lù ú, ó fò kúrò bí eyín ọmọdé. Mo mú un, mo wo ìdí rẹ̀, ó ń dán, etí rẹ̀ kan ló fi gbá irin mú tẹ́lẹ̀. Mo fi í sápò. Ibẹ̀ ni fọ́máànù, tó gbọ́ ìró òòlù láti ilé tí wọ́n ń sùn sí létí odò, ti dé bá mi.

Ó ní Bàbá, ta ló rán yín níṣẹ́ yìí. Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi, mo ń bá yín parí èyí tó kù ni. Mo ṣàlàyé fún un. Ó jókòó sórí irin, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ akoto orí rẹ̀. Mànàmáná tó tẹ̀ lé e wá ní Bàbá, ọpẹ́lọpẹ́ pé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kan eyín sí wa lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n fọ́máànù ò fi mí ṣẹ̀sín lọ. Ó gbé pákó méjì wá, ó tò wọ́n lérí ara wọn, ó gbé wọn lé orí búlọ́ọ̀kù méjì, ó ní kí n dúró sí àárín. Pákó tẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó ní Mànàmáná, fi etí rẹ̀ han Bàbá. Mo rí i pé pákó òkè ti yọ̀ lórí ti ìsàlẹ̀, etí wọn ò ṣe déédéé mọ́, kóówá ń tẹ̀ lọ́tọ̀ bí tọkọtaya tó ń bínú. Ó ní kí n wá kàn wọ́n pọ̀. Mo kàn wọ́n bí mo ṣe mọ̀ ọ́n kàn, ìṣó mẹ́rìndínlógún. Mo tún gùn ún. Pákó kan náà ni, ẹsẹ̀ mi kan náà ni, agbára káká ló fi mì. Fọ́máànù fúnra rẹ̀ gòkè wá bá mi, àwa méjèèjì dúró síbẹ̀ bí ọmọ iléèwé.

Ó ní kọnkéré, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí, ẹ gbé ilé lé e, kò ní mira, ṣùgbọ́n ẹ fà á díẹ̀, á kán bí ṣọ́ọ̀kì. Irin ní tiẹ̀, ẹ fà á di ọ̀la, ẹ̀yin ló máa rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá gun afárá, òkè afárá ni ìtẹ̀ wà, ìsàlẹ̀ ni ìfà wà. Ìdí nìyẹn tí kọnkéré fi wà lókè, tí irin fi wà nísàlẹ̀. Mo ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ó ní ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ó ní ìṣó tí mo rò pé kò wọlé, kò yẹ kó wọlé láéláé, inú kọnkéré ni orí rẹ̀ máa sùn, kí òkè àti ìsàlẹ̀ má lè yọ̀ lórí ara wọn. Kí wọ́n má yọ̀ ni, kì í kàn ṣe kí wọ́n má ya ara wọn.

Ọmọ mi, mo ti kan pákó mọ́ pákó láti ìgbà tí n kò tíì fẹ́ ìyá rẹ, n kò mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo rò pé mò ń so wọ́n pọ̀ ni. N kò mọ̀ pé mò ń sọ méjì di ẹyọ kan tó lágbára ju méjì lọ. Mo wo àwọn ìṣó yẹn tí wọ́n tò lọ títí dé òdìkejì odò, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, bí ìjọ tó dìde dúró fún àdúrà, mo sì bọ́ fìlà mi.

Mo wá tọrọ àforíjì nítorí mẹ́jọ tí mo tẹ̀. Fọ́máànù ní kò sí wàhálà, òòlù gan-an ni wọ́n fi ń dán wọn wò, èyí tó bá tẹ̀ láì ya nídìí, ó dára nìyẹn, wọ́n á fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn. Mo ní mo dúpẹ́, èyí wá ńkọ́. Mo yọ ìkẹsàn-án jáde nínú àpò.

Ẹ̀rín tán lójú rẹ̀. Ó yí ìṣó náà síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó gba òòlù lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìlà náà lọ. Ọgọ́ta ìṣó ló wà nínú ìlà yẹn. Mọ́kàndínlógún mìíràn ló ká. Mànàmáná ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ó ní ọjọ́ tí òjò rọ̀ láàárọ̀ ni, ó ní irin ṣì tutù, ó ní òun sọ ọ́, wọ́n ní kí òun máa bá iṣẹ́ lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, Ọ̀gá Oníwèé wá sílé wa. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó kí ìyá rẹ dáadáa, ó jókòó sórí àga tí mo ṣe fúnra mi, ó sì yìn ín. Ó yọ ìwé kan jáde. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé èmi, bàbá arúgbó, wọlé láìgbàṣẹ, mo sì fi òòlù ṣẹ́ ogún ìṣó. Ó ní kí n fọwọ́ sí i. Ó ní kò sẹ́ni tó máa mú mi, ta ló máa mú arúgbó nítorí òòlù. Wọ́n á tún ogún náà kàn, wọ́n á da kọnkéré lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Ṣùgbọ́n bí n kò bá fọwọ́ sí i, ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ lu gbogbo ẹgbẹ̀rún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ á dúró, ọ́fíìsì ọmọ yín ní ìlú ńlá á sì béèrè ẹni tó kọ ọ́ pé gbogbo wọn dára. Ó rọra sọ ọ́. Ó ní Bàbá, ọmọ yín ni, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀.

Ìyá rẹ ní kí n fọwọ́ sí i. Ó ní kí ni orúkọ arúgbó fẹ́ ṣe mọ́, ṣé wọ́n fẹ́ gbà mí síṣẹ́ ni. Ó ní èmi tí mò ń ka ìwé tí kò kàn mí títí ewúrẹ́ fi ń bá mi jẹ ẹ́, n kò lè fi ìlà kan gba ọmọ mi là. Mo mú bírò. Mo fẹ́ fọwọ́ sí i, ọmọ mi, n kò ní purọ́ fún ọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, èmi náà sì mọ̀ pé kì í ṣe kíkà ni mò ń kà á mọ́.

Ohun tó dá ọwọ́ mi dúró ni àwọn tó kù. Bí mo bá ní èmi ni mo ṣẹ́ ogún, kò sẹ́ni tó máa lu èyí tó kù wò. Kọnkéré á bò wọ́n. Kọnkéré kì í sọ̀rọ̀. Àwọn tó kọjá á máa rò pé ohun kan ni àwọn ń rìn lé, méjì tí kò mọ ara wọn ni yóò sì wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ wọn, tí ọ̀kan ń yọ̀ lórí èkejì díẹ̀díẹ̀. Ìyá rẹ wà lára wọn. Mo sọ èyí fún un. Ó ní òun náà, ọjọ́ òjò ni wọ́n gbé òun níyàwó tí wọ́n kàn òun mọ́ ilé yìí, ṣùgbọ́n òun ò tíì ká. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó lọ fi pamọ́ síbi tí n kò mọ̀. Ti oníwàásù ìjọ wa ni mo yá kọ lẹ́tà yìí.

Nítorí náà, n kò fọwọ́ sí i, n kò sì ní fọwọ́ sí i. Mo ti sọ fún Ọ̀gá Oníwèé nígbà tó padà wá láàárọ̀ yìí. Ó wọ bàtà rẹ̀, kò kí wa.

Ohun kan ni mo fẹ́ bi ọ́, kí o má bínú pé mo bi ọ́. Lọ́jọ́ tí o wá, ṣé o lù wọ́n, àbí o wò wọ́n? Mo mọ̀ pé ọjọ́ kan péré ni wọ́n fún ọ, àti pé ẹgbẹ̀rún mẹ́rin kì í ṣe kèrémí. Bí o bá lu díẹ̀ tí o sì torí díẹ̀ yẹn kọ ọ́ pé gbogbo wọn dára, èmi tí mo ti fi ojú lásán gba pákó lọ́wọ́ alágbàtà rí kò ní sọ ọ́ lókùúta. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ó jẹ́ pé ẹnu rẹ ló ti kọ́kọ́ jáde, kí ìwọ fúnra rẹ sọ fún wọn ní ọ́fíìsì kí fáìlì Ọ̀gá Oníwèé tó dé ibẹ̀.

Mo mọ̀ pé gbogbo lẹ́tà mi ni mo fi ń tọrọ owó, tòní náà ò yàtọ̀. Owó tí o fẹ́ fi ránṣẹ́ sí wa lóṣù yìí, jọ̀ọ́ má fi ránṣẹ́. Fi wọ mọ́tò wálé. Máa bọ̀ kí Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó pé. Fọ́máànù ní tí ọmọ yín bá dé, òun á dá ọkọ̀ kọnkéré padà, Mànàmáná sì ní òun á bá ọ ru ìṣó tuntun. Màá lu ìlà òsì, ìwọ á lu ìlà ọ̀tún, ìyá rẹ á sì máa kà wọ́n fún wa, nítorí kò gbẹ́kẹ̀ lé ìkankan nínú wa.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà. Ohun tí o bá kàn kò ní ká lẹ́yìn rẹ. Ohunkóhun tí o bá fọwọ́ sí láyé, kí ó lè gbé ìwọ gan-an bí o bá dúró sórí rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Káfíńtà.